Píkọ́ọ̀pù tàbí Jíìpù: Àkọsílẹ̀ Bí Ìdílé Kan Tó Ń Sin Adìẹ ní Ìbàdàn Ṣe Yan Ọkọ̀ Tí Wọn Yóò Máa Lò Lójoojúmọ́

Ìdílé tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí ń gbé ní agbègbè Ológunẹ́rù ní Ìbàdàn. Ọkọ ń sin adìẹ tí ń yé ẹyin ní oko kan tó wà lẹ́yìn Ìdó, lójú ọ̀nà tó lọ sí Èrúwà. Ìyàwó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì Agodi. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, ìyá ọkọ náà sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí orúnkún sì ń yọ lẹ́nu. Toyota Corolla kan tó ti gbó ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tí abẹ́ rẹ̀ máa ń ha ilẹ̀ oko títí tí kò fi ní nǹkan gidi lábẹ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n tà á, owó tó wà lọ́wọ́ wọn kò lè ra ju ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ, ọkọ̀ kan náà ni yóò sì máa ṣe iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ilé àti ti ìrìn àjò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí, nítorí pé iṣẹ́ mi ni láti bá ènìyàn yẹ mọ́tò wò kí ó tó san owó.

Ọkọ fẹ́ Toyota Hilux, píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ìyàwó fẹ́ Toyota 4Runner, nítorí ó gbà pé jíìpù ló yẹ ilé tó ní ọmọ àti àgbàlagbà, àti pé ó ga tó láti kọjá gbogbo ibi tí Corolla ti máa ń há. Àbúrò ọkọ, tó ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà, ti sọ lórí fóònù pé òun lè bá wọn ra Toyota Tacoma níbẹ̀ kí òun sì fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń jiyàn lé lórí ni èwo nínú wọn ni ẹrẹ̀ kò lè dá dúró.

Mo ní kí a jọ dé oko náà kí n tó sọ ohunkóhun. Láti ilé dé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 35. Wọ́n da ọ̀dà sí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòtò pọ̀ níbẹ̀ débi pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò níwájú. Kìlómítà mẹ́ta tó kẹ́yìn nìkan ni ilẹ̀ lásán, èyí tó máa ń di iyanrìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì máa ń di ẹrẹ̀ nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lójúmọ́ yóò rin kìlómítà 70, mẹ́fà péré nínú rẹ̀ ló sì nílò ọkọ̀ tó ga. Mo sọ fún wọn pé kìlómítà mẹ́fà yìí ni gbogbo ilé ń torí rẹ̀ pariwo, nígbà tí kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nípa kìlómítà 64 yòókù, níbi tí epo ti ń jó, tí táyà ti ń jẹ, tí ara ìyá àgbà yóò sì ti máa mì jìgìjìgì. Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè kọjá ẹrẹ̀ náà bí táyà wọn bá dára. Kì í ṣe ẹrẹ̀ ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo wá bi ọkọ léèrè ohun tó ń gbé àti bó ṣe wúwo tó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ adìẹ àti ẹyin náà ni.” Kò tíì ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ rí, nítorí pé ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ fún un ló máa ń gbé e wá nínú ọkọ̀ tirẹ̀, tó sì máa ń gba owó ọkọ̀ lórí rẹ̀. A jókòó sábẹ́ igi ní oko náà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò.

Adìẹ tó wà níbẹ̀ jẹ́ 1,000. Adìẹ kan tó ń yé ẹyin máa ń jẹ oúnjẹ tó wà láàárín gíráàmù 110 sí 120 lóòjọ́. Bí a bá mú 115, gbogbo wọn yóò jẹ kílò 115 lójúmọ́, èyí tó jẹ́ kílò 805 lọ́sẹ̀. Àpò kílò 25 ni wọ́n ń dì í sí, nítorí náà kò sí ọ̀sẹ̀ tí àpò méjìlélọ́gbọ̀n kò ní wọ oko náà. Ní ti ẹyin, bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn bá yé, ẹyin 800 ni wọn yóò kó lóòjọ́. Ẹyin 30 ló ń wọ kíréètì kan, nítorí náà kíréètì bíi 187 ni yóò kúrò ní oko náà lọ́sẹ̀ kan lọ sí Ọjà Bódìjà àti sí ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà mìíràn. Kíréètì kan kì í sábà wúwo ju kílò méjì lọ, àmọ́ ó ń gba àyè, a kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù mìíràn lé e lórí. Oúnjẹ wúwo, kò gba àyè púpọ̀. Ẹyin fúyẹ́, ó gba àyè, ó sì tètè ń fọ́. Ọkọ̀ tí wọn yóò rà gbọ́dọ̀ lè gbé irú ẹrù méjèèjì yìí, kó sì tún gbé ènìyàn mẹ́fà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Láti ìgbà tí kílò 805 ti wà lórí ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà.

Ìyàwó kọ́kọ́ béèrè nípa Toyota Highlander, nítorí pé ó pọ̀ gan-an nínú àwọn jíìpù tòkunbọ̀ tó ń wọlé. Ọkọ̀ tó tu ni lára ni, mo sì máa ń yàn án fún ẹni tí kò kúrò nígboro. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé ọjà ní 2001 ni wọ́n ti ń ṣe é lórí irú ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe Camry. Kò ní ṣáàsì tó dá dúró, ìyẹn irin gbọọrọ méjì tó máa ń gbé gbogbo ara ọkọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ agbára. Bó ti rí bíi jíìpù lójú kò sọ ọ́ di ọkọ̀ oko. A fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

4Runner yàtọ̀ sí i pátápátá. Orí ṣáàsì ni wọ́n kọ́ ọ lé, kódà láti ara Hilux ni wọ́n ti yọ ọ́ nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1984, tí wọ́n dé ìbòrí sórí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí wọ́n sì to ìjókòó sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí agbára wọn ká ni ìran kẹrin rẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ọdún 2003 sí 2009. Ẹ́ńjìnnì méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀: V6 onílítà 4.0 àti V8 onílítà 4.7. Mo kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má wo V8 rárá, nítorí pé bẹ́líìtì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì yẹn, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá rin nǹkan bíi máìlì 90,000, ẹni tó ra tòkunbọ̀ kì í sì í mọ̀ bóyá ẹni tó tà á ti ṣe é. Ṣéènì ni V6 ń lò, kò sì ní irú ìdààmú yẹn. Sípíríìn onílílọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ó máa ń gba kòtò wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní ti ẹyin àti ti ìyá àgbà, kò sí èyí tó dára tó o nínú ọkọ̀ mẹ́ta náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi kan bọ̀kan nínú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí ni ìwọ̀n. Lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ní ọdún wọ̀nyẹn, ìwé kékeré kan máa ń wà tó sọ iye tí ìwọ̀n ènìyàn àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Àwọn tó ń ra ọkọ̀ kì í wò ó, bẹ́ẹ̀ òun ló sọ òtítọ́ tí ẹni tó ń tajà kò ní sọ. Lára 4Runner, ó sábà máa ń wà láàárín kílò 450 sí 600. Bí awakọ̀ àti ọmọ oko kan bá ti wọlé, nǹkan bíi kílò 400 ló kù, ìyẹn àpò mẹ́rìndínlógún. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọn yóò máa lọ gbé oúnjẹ, wọn yóò sì máa pa ìjókòó ẹ̀yìn dé nígbà gbogbo láti gbé e sínú ilé ọkọ̀ kan náà tí àwọn ọmọ ń jókòó sí. Ìyàwó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé òórùn oúnjẹ adìẹ máa ń kúrò nínú ọkọ̀?” Mo dá a lóhùn pé kì í kúrò bọ̀rọ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ju òórùn lọ, èyí tí mo rí i pé àwọn tó ń sin adìẹ kì í fi sínú ọ̀rọ̀ mọ́tò. Kíréètì, eruku oúnjẹ àti ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà lè gbé àrùn láti oko kan dé oko mìíràn. Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde àìsàn adìẹ H5N1 ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kejì ọdún 2006, àwọn tó pàdánù gbogbo adìẹ wọn láti ìgbà náà wá kò sì kéré. A lè fi omi àti oògùn apakòkòrò fọ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mọ́ tónítóní ní ẹnu ọ̀nà oko, kí oòrùn sì gbẹ ẹ́. Kò sí bí a ṣe lè da omi sórí kápẹ́ẹ̀tì 4Runner bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Fún mi, ìdí yìí lágbára tó ti ìwọ̀n, bí kò bá tilẹ̀ jù ú lọ.

Tacoma ni àbúrò ọkọ ń tì lẹ́yìn, kò sì ṣe é fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ọmọ ìyá ẹni fẹ́ fi owó rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Hilux tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ni. Òótọ́ ni pé òun ni Toyota fi rọ́pò Hilux ní ọjà Amẹ́ríkà ní 1995, tí wọn kò sì ta Hilux níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, ìdí sì nìyẹn tí Hilux kì í fi í sí nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wá. Àmọ́ ọkọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ra Tacoma sábà máa ń lò ó bí ọkọ̀ ilé, nítorí náà wọ́n ṣe é kí ó tu ni lára ju kí ó gbé ẹrù lọ. Tacoma onílẹ̀kùn mẹ́rin tó ní V6 sábà máa ń gbé láàárín kílò 500 sí 600, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú 4Runner, nígbà tí Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin máa ń gbé láàárín 700 sí 1,000 gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀. Ọkọ kò gbà mí gbọ́ àfi ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ya àwòrán ìwé ara ilẹ̀kùn Tacoma kan tó rí ní ibi tí wọ́n ti ń tà á, tó sì fi í ránṣẹ́.

Ìpẹtà ni mo tún bá wọn sọ. Ní àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà yìnyín, iyọ̀ náà sì máa ń jẹ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣáàsì tó dípẹtà dé ilé ẹjọ́ níbẹ̀, Toyota sì gbà ní 2016 sí àdéhùn kan tí iye rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là, láti máa yẹ ṣáàsì wò àti láti pààrọ̀ èyí tó bá ti bàjẹ́ lára Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 sí 2008 àti Sequoia 2005 sí 2008. Yìnyín kì í sábà bọ́ ní Houston, àmọ́ ọkọ̀ tó wà ní Houston lè jẹ́ èyí tó ti lo ọdún pípẹ́ níbòmíràn. Nígbà tí a fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wá ìtàn rẹ̀, a rí i pé Michigan ni wọ́n ti lò ó. Èyí nìkan tó fún mi láti sọ pé kí a fi í sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ náà yóò wá gba èbúté, nítorí pé láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, tí ọ̀nà Kútọnu tí àwọn ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti dí. Owó Kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọn yóò san sì ń tẹ̀lé iye dọ́là, èyí tí kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé bó ṣe wà lónìí ni yóò wà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀.

Ó wá ku Hilux. Láti 1968 ni wọ́n ti ń ṣe é, èyí tí a sì ń rí jù ní Nàìjíríà nínú èyí tí wọ́n ti lò ni ìran keje, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 tó sì parí ní 2015. Ẹ̀yìn onílẹ̀kùn mẹ́rin gùn tó nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀, ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà a lè to kíréètì ẹyin márùn-ún sí márùn-ún síbẹ̀. Sípíríìn onírin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ jọ wà nínú ohun kan yìí: bí àpò ogún bá wà lẹ́yìn, ọkọ̀ náà máa ń jókòó dáadáa, ó sì máa ń rìn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, bí ẹ̀yìn bá ṣófo, gbogbo kòtò ni yóò máa ta á sókè. Ẹyin nìkan, tí kò wúwo, kò tó láti tẹ sípíríìn yẹn wálẹ̀. Ẹni tó bá ra Hilux nítorí ẹrù tó wúwo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun tún ra bí yóò ṣe máa fò lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹrù.

Ti dísẹ́ẹ̀lì àti epo bẹntiróòlù gba àkókò díẹ̀. Nígbà kan, kò sí ohun tí a ń rò níbẹ̀: ní 2022, owó dísẹ́ẹ̀lì ju ìlọ́po mẹ́ta owó bẹntiróòlù lọ, nítorí pé ìjọba ṣì ń san owó ìrànwọ́ lórí bẹntiróòlù nìkan. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinúbú ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ náà ti lọ ni àlàfo yẹn ti dín kù púpọ̀, dísẹ́ẹ̀lì sì máa ń rin jìnnà lórí lítà kan. Síbẹ̀ mo yan bẹntiróòlù onílítà 2.7 fún wọn. Dísẹ́ẹ̀lì tó lómi tàbí ìdọ̀tí nínú máa ń ba ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì àwọn Hilux onídísẹ́ẹ̀lì ìgbà yìí jẹ́, owó tí ènìyàn ó sì fi tún un ṣe lè gbé gbogbo èrè epo lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì 2.7 náà ń lo ṣéènì, àwọn mẹkáníìkì wa sì mọ inú rẹ̀ dunjú, bẹ́ẹ̀ ni a lè rí ohun èlò rẹ̀ ní Àràrọ̀mí ní Agodi Géètì láìjẹ́ pé a ń ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ ní Èkó.

A ṣe ìṣirò epo ní gbangba kí ọkàn ìyàwó lè balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni ọkọ ń lọ sí oko, èyí tó jẹ́ kìlómítà 420. Bí a bá ka 4Runner V6 sí lítà 14 fún kìlómítà 100, tó sún mọ́ ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ fún un, lítà 59 ni yóò jẹ lọ́sẹ̀. Bí a bá ka Hilux 2.7 sí lítà 11 ààbọ̀, nǹkan bíi lítà 48 ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju lítà mẹ́wàá ààbọ̀ lọ lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó di lítà 546 lọ́dún. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, ₦546,000 nìyẹn. Owó tí wọn kò ní máa san mọ́ fún ẹni tó ń bá wọn gbé oúnjẹ wá tún wà lórí rẹ̀. Òótọ́ ni pé iye tí wọ́n ń pe Hilux ju ti 4Runner tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àmọ́ owó náà kì í sọnù, nítorí pé kì í pẹ́ tà bí ènìyàn bá fẹ́ tà á.

Ìyá àgbà ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn kẹ́yìn, nítorí pé àwọn ló mọ bí orúnkún àwọn ṣe rí. A gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ní Hilux ládùúgbò, a sì ní kí wọ́n gbìyànjú láti wọlé. Ó ga fún wọn, ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn sì dúró ṣánṣán ju ti jíìpù lọ. Wọ́n di irin ọwọ́ inú rẹ̀ mú, wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá ní, “Ọmọ mi, bí ẹ bá ti lè wá àpótí kékeré kan tí mo lè fẹsẹ̀ tẹ̀ fún mi, màá máa gùn ún.” Wọ́n jókòó síwájú, torí pé iwájú rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta wá gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn, mẹ́rin níbi tó yẹ fún mẹ́ta. Ìṣòro gidi nìyí, kò sì sí ọgbọ́n tó lè sọ ọ́ di kékeré. Ọkọ sọ pé àkọ́bí wọn lè máa jókòó sẹ́yìn gbalasa bí wọ́n bá ń lọ sí tòsí. Mo fi ohùn líle sọ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láéláé. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kò ní bẹ́líìtì, kò ní ìjókòó, bíréèkì kan ṣoṣo sì tó láti ju ọmọ sójú ọ̀dà. Wọ́n gbà pé ní ọjọ́ tí gbogbo ilé bá ń jáde, ẹnì kan nínú àwọn àgbà yóò wọ takisí mícrà.

Hilux ni wọ́n fẹnu kò lé lórí. Rírà á sì ni ibi tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ lajú jù, nítorí pé púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà ni ilé iṣẹ́ tàbí ìjọba ti lò tán kí wọ́n tó lù ú ní gbàǹjo, awakọ̀ tí kì í ṣe òun ló ni ín ni ó sì máa ń wà á. Èmi kì í wo máìlì tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí wọ́n máa ń dá a padà sẹ́yìn. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo máa ń wọ̀. Mo máa ń wo ṣáàsì lẹ́yìn ilé awakọ̀ gan-an, níbi tó ti máa ń tẹ̀ tàbí là nígbà tí wọ́n bá ti gbé ẹrù tó pọ̀ jù. Mo máa ń ka ewé sípíríìn, torí pé bí wọ́n bá ti fi ewé kún un, ọkọ̀ náà ti sọ fún mi irú iṣẹ́ tí wọ́n fi í ṣe. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn wá dán gbinrin lójú, ṣùgbọ́n wọ́n ti jó ṣáàsì rẹ̀ pọ̀ níbi méjì tí wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú bò ó. A yí ẹ̀yìn padà.

Èyí tí a rà jẹ́ ti 2012, oní-fọ́ọ̀-wíìlì, ìyẹn èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ilé iṣẹ́ kan ti lò. Ara rẹ̀ kún fún ìhá, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ pé. Mo gbé e lọ sórí iyanrìn, mo fa ọ̀pá fọ́ọ̀-wíìlì sí H4, ìyẹn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní eré tí a máa ń sá, lẹ́yìn náà sí L4, èyí tó máa ń lọ́ra ṣùgbọ́n tó lágbára jù, kí n lè mọ̀ bóyá agbára dé táyà iwájú ní tòótọ́. Nínú ọ̀pọ̀ Hilux tí kò kúrò ní ìgboro rí, ọ̀pá yìí máa ń gan síbẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fà á fún ọdún púpọ̀. Tiwọn wọlé láìjanpata. Mo kọ́ ọkọ pé kó má fi H4 rin ọ̀dà gbígbẹ, nítorí pé táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í yí bákan náà ní kọ́nà, kò sì sí ohun tó lè tú agbára yẹn sílẹ̀ láàárín wọn, jíà ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ìwé gbàǹjo, ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù àti nọ́ńbà ara ṣáàsì bá ara wọn mu kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí òjò ọdún kan ti lọ tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dé, mo padà lọ bá wọn kí n lè kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Oúnjẹ adìẹ kò fa wàhálà kankan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ ń pín in sí lọ́sẹ̀ báyìí, kì í ṣe pé ọkọ̀ kò lè gbé e, bí kò ṣe pé ó fẹ́ kí ẹ̀yìn máa ní ìwọ̀n díẹ̀ ní ìgbà gbogbo. Ẹyin ló kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú, nítorí pé ó ń fọ́ ju bó ti ń fọ́ nínú Corolla lọ. Ohun tó tún un ṣe ni pé wọ́n tẹ́ fọ́ọ̀mù nínípọn sílẹ̀, wọ́n to kíréètì mọ́ ara ilé awakọ̀ tí kì í fò tó ìdí ọkọ̀, wọ́n dín atẹ́gùn táyà ẹ̀yìn kù sí iye tí ìwé ara ilẹ̀kùn kọ fún ọkọ̀ tí kò gbé ẹrù, wọ́n sì ra tapólì tó dára nítorí òjò àti oòrùn.

Ní ti ẹrẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ jiyàn, inú oṣù tí òjò pọ̀ jù nìkan ni ọkọ fi fọ́ọ̀-wíìlì ṣiṣẹ́, ìgbà díẹ̀ sì ni. Táyà AT, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà àti ilẹ̀ lásán, tí wọ́n fi rọ́pò táyà ìgboro tó bá ọkọ̀ wá ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ohun tí wọn kò retí ni àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń dá Corolla wọn dúró tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù tó bo tapólì ni gbogbo wọn ń na ọwọ́ sí, ọkọ sì ti ń fi owó rẹ̀ kún owó epo lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Owó ìbánigbófò tó pọn dandan náà yàtọ̀: láti oṣù kìíní 2023, ₦15,000 ni ti ọkọ̀ àdáni, ₦20,000 sì ni ti ọkọ̀ tí ènìyàn fi ń gbé ẹrù ara rẹ̀. Ìyàwó wà á lọ sí Sẹkitéríàtì lọ́jọ́ kan tí ọkọ kò lọ sí oko, ó sì sọ fún mi pé òun kò ní gbìyànjú rẹ̀ mọ́, nítorí pé ọkọ̀ tó gùn ju mítà márùn-ún lọ kò rọrùn láti fi há àárín ọkọ̀ méjì.

Wọ́n ń gbèrò láti sọ adìẹ náà di 1,500, èyí tí yóò gbé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan dé kílò 1,200 ó lé díẹ̀, Hilux náà yóò sì tún lè gbé e lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bó ti ń ṣe báyìí. Ohun tí kò lè yanjú ni ìjókòó mẹ́rin níbi mẹ́ta àti ìrìn ìyàwó ní ìgboro. Ìyàwó ṣì ń sọ̀rọ̀ 4Runner. Mo ti sọ fún un pé, nígbà tí owó ọkọ̀ kejì bá pé, mọ́tò kékeré tí kò jẹ epo ni mo máa bá a wá, nítorí pé Hilux ti gba gbogbo iṣẹ́ tí 4Runner ìbá ṣe lójú ọ̀nà oko, ọ̀nà Ológunẹ́rù sí Agodi kò sì béèrè fún ṣáàsì tàbí fọ́ọ̀-wíìlì.